Bí Ẹlẹ́rìí Onímọ̀ Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ ní Nàìjíríà

Ohun tí ẹlẹ́rìí fojú ara rẹ̀ rí tàbí tó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ni ilé ẹjọ́ ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀. Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló yọ onímọ̀ sọ́tọ̀: ẹni tó ní ìmọ̀ pàtàkì nípa sáyẹ́ǹsì, òfin ilẹ̀ òkèèrè, àṣà ìbílẹ̀, ìkọ̀wé tàbí ìtẹ̀ka lè sọ èrò tirẹ̀.

Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, bí ọmọ olóògbé bá ní bàbá òun kọ́ ló buwọ́ lu rìsíìtì tí wọ́n mú wá, wọ́n lè pe ẹni tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò ìkọ̀wé. Ojúlówó rìsíìtì ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, nítorí ẹ̀dà kì í fi bí gègé ṣe tẹ ìwé hàn dáadáa. Yóò tún béèrè àwọn ìbuwọ́lùwé tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn, tí olóògbé kọ láàárín àkókò kan náà, torí ọwọ́ àgbàlagbà máa ń gbọ̀n, ìkọ̀wé rẹ̀ kì í sì í rí bíi ti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́. Kó má ṣe gbàgbé láti kọ ọjọ́ tó gba ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ti gbà á.

Àlàyé ìdí ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Kò di dandan kí adájọ́ gba èrò onímọ̀. Abala 101 tilẹ̀ gbà á láyè láti fojú ara rẹ̀ fi ìbuwọ́lùwé méjèèjì wéra. Onímọ̀ tó bá kàn ní “wọn kò jọra” kò tíì ran adájọ́ lọ́wọ́ rárá. Ibi tí gègé ti dúró, ibi tí wọ́n ti gbé e sókè kí wọ́n tó máa kọ ọ́ lọ, àti ohun tí èyí fi hàn nípa ẹni tó ń fara wé ọwọ́ ẹlòmíràn, ni kó lè tọ́ka sí.

Agbẹjọ́rò tó pè é yóò béèrè ẹ̀kọ́ àti ìrírí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì lómìnira láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè béèrè iye tí wọ́n san fún un; kí ó sọ ọ́ ní tààrà, nítorí gbígba owó iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn èyí, agbẹjọ́rò tó pè é tún lè bi í léèrè, àmọ́ kìkì láti tú ohun tó díjú nínú àwọn ìdáhùn náà ni. Ìdí tó bá gbàgbé láti sọ níbẹ̀rẹ̀ kò lè wọlé mọ́ nígbà náà, àfi tí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda.