Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Àgbà Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Òkè Ọya

Orúkọ Haúsá ni wọ́n kọ́kọ́ fi polongo ẹ̀kọ́ àgbà ní Òkè Ọya: Yaki da Jahilci, ìyẹn ogun lòdì sí àìmọ̀. Ìjọba Àríwá ló gbé e dìde láàárín ọdún 1950 sí 1960, kí àgbàlagbà lè wá kọ́ a, b, d. Ìlọrin àti Kábà wà lábẹ́ Àríwá nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Haúsá nìkan.

Orúkọ yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́. Ta ni aláìmọ̀? Ààfáà tó ti ń ké Kùránì láti kékeré, tó ń fi àjàmí, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kọ èdè ìbílẹ̀, kọ lẹ́tà àti gbèsè oníbàárà rẹ̀, ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ pé kò mọ̀wé, torí pé kò mọ boko, ìwé òyìnbó! Bí irú wọn bá kọ̀ tí wọn ò forúkọ sílẹ̀, mi ò bá wọn wí.

Ẹni tó kàwé tán tí kò rí ohun tí yóò máa kà, kò ní pẹ́ gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá NORLA, ilé iṣẹ́ ìwé ti ìjọba Àríwá, sílẹ̀ ní Zaria, kó máa tẹ ìwé pélébé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ó ti kógbá sílé kí 1960 tó dé.

Ìpínlẹ̀ Kánò dá àjọ ẹ̀kọ́ àgbà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1980, ó sì ṣí kíláàsì obìnrin lọ́tọ̀, nítorí eléhàá kò ní bá ọkùnrin ọlọ́kùnrin jókòó. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1982, Ààrẹ Shehu Shagari kéde pé ọdún mẹ́wàá tó láti fòpin sí àìmọ̀wé. Ọdún mẹ́wàá pé, iṣẹ́ ò parí. Òfin 17 ti 1990 ló dá NMEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà, sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá báyìí. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni ní ìpele àkọ́kọ́.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Kubwa, Àbújá, lọ forúkọ sílẹ̀ torí alẹ́ẹ̀tì báńkì nìkan: ó ti sú u kí ọmọ ọlọ́mọ máa ka iye owó òun sókè láàárín ọjà. Ìka ló tẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án pé, ó ní kí tíṣà gbé ìwé ọjọ́sí wá, òun fẹ́ kọ orúkọ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yẹn.