Oníplọ́ọ̀gì Mẹ́fà Kọ́ Ló Ń Mú Ọkọ̀ Dùn Ún Wà

Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọmọkùnrin kan á rí owó díẹ̀ kó jọ, bóyá ó ń tún fóònù ṣe ní Òkèsà, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun, á wá wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó máa dùn ún wà. Kó má wọ́n jù o. Àmọ́ V6 ni o." Ibi "àmọ́ V6 ni o" yẹn, ìyẹn ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, ló máa ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún wọn? Kò sẹ́ni tó mọ̀. A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ iyán l'Ékìtì: iyán loúnjẹ, V6 lọkọ̀, ìyókù kàn wà fún ẹni tí kò rówó ni.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ epo. Ẹni tó bá ti ra epo láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 wá kò nílò ìwàásù mi. Mi ò sì ní máa ka plọ́ọ̀gì mẹ́fà àti kọ́ìlì mẹ́fà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lè ka mẹ́rin lè ka mẹ́fà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára Honda Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tí a ń pè ní "End of Discussion", kó rántí pé lọ́dún 2004, Honda fúnra wọn pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí jíà, Accord V6 ti 2003 àti 2004 sì wà lára wọn. Gbogbo èyí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èsì wọn ò yí padà: "Ẹ̀gbọ́n, owó kọ́ là ń sọ, adùn là ń sọ."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ adùn.

Ẹ jáde ní Adó láàárọ̀ kùtù, ẹ gba Ìyìn, ẹ gba Ìgèdè, kẹ́ ẹ dé Arámọkọ, kẹ́ ẹ wá máa gùnkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dé Ìtawùrẹ́. Bí òkè ṣe wà lápá kan ni ọ̀gbun wà lápá kejì, ọ̀nà náà sì ń lọ́ bí ejò. Níbẹ̀ ni adùn wà, bí ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Ẹ yí sítíárìn díẹ̀, imú ọkọ̀ yí lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n lára pé táyà di ilẹ̀ mú, ẹ tẹ iná mọ́ ọn bí kọ́nà ṣe ń parí. Ẹ lè ṣe gbogbo èyí lórí eré 60, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ò sì ní já bọ́ nínú àpò. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ ló máa ń ṣe báyìí.

Camry 2007 oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, ní agbára ẹṣin 268. Mi ò jiyàn. Lójú ọ̀nà tó nà gbalaja, Toyota Yaris kékeré ò ní rí iná ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,560. Yaris ọdún kan náà ò ju nǹkan bíi 1,040 lọ. Ẹ yọ ọ́ fúnra yín. Ó lé ní àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá. Ẹ to àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá sínú ọkọ̀ kékeré, kẹ́ ẹ wá gbé e wọ kọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó rí bí yóò ṣe máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri. Ẹrù tí Muscle ń rù lójoojúmọ́ nìyẹn, òun náà sì gbọ́dọ̀ yí, ó gbọ́dọ̀ dúró.

Kì í ṣe èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. Mini Cooper S, ọkọ̀ tí ẹ lè fi pamọ́ sẹ́yìn tírélà, gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ọkọ̀ Monte Carlo lọ́dún 1964, ó tún gbà á ní 1965 àti 1967, níwájú àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Peugeot 504, irú èyí tí bàbá yín tàbí bàbá ọ̀rẹ́ yín gùn, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, òun náà ló gba Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, nínú ẹrẹ̀ àti eruku. Mazda MX-5 tó jáde lọ́dún 1989 ò tilẹ̀ tó tọ́ọ̀nù kan, plọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ní, síbẹ̀ wọ́n ti tà á ju mílíọ̀nù kan lọ fún àwọn tó kàn fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà. Àwọn yẹn ò mọ̀ pé V6 lọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì gan-an kọ́ ni mo fẹ́ sọ, táyà ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wá bá mi tó dárúkọ táyà.

Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́. Ìwọ̀nba ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ọ̀dà nìyẹn, ó lè fi díẹ̀ jù ú lọ. Mẹ́rin péré ló so ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù kan àti àbọ̀ mọ́ ilẹ̀. Bẹ́ ẹ tẹ iná, bẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, bẹ́ ẹ yí sítíárìn, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ló máa ṣiṣẹ́. Agbára ẹṣin 268 tí wọn ò bá lè gbà, ariwo lásán ni. Rọ́bà táyà máa ń dì mọ́ ojú ọ̀dà tó rí págunpàgun nítorí pé ó rọ̀. Ọdún tó ń gorí ọdún, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á máa mú un gan, títí á fi le bí bàtà tí wọ́n sá sórí òrùlé láti ọdún tó kọjá. Ojú rẹ̀ á ṣì jinlẹ̀, á ṣì rí bí tuntun. Ṣùgbọ́n kò lè di nǹkan kan mú mọ́, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ra ọkọ̀ V6 tirẹ̀ láìgbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó wá fi hàn mí ní Bàṣìrì, níwájú ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a wọ táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin sí i. Wọ́n ti fi nǹkan dúdú kan pa á, ó ń dán bí orí ẹni tó fárí tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ẹ̀! Kò tíì rìn rárá." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ọwọ́ mi dúdú. 195/65R15 91H ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Ó mọ ìyẹn: 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 15 ni ríìmù. Kò mọ̀ pé 91 ni ẹrù, kílò 615 fún táyà kan, tàbí pé H ni eré tó lè gbà, 210 ní wákàtí kan. Ìyẹn kò burú, dírẹ́bà púpọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Mo wá ń wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Kò sí lójú òde. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ tán sí, tirẹ̀ sì kọjú sínú. Mo tan iná fóònù, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, mo rí i nínú àpótí kékeré bí ẹyin: 1412.

"Kí nìyẹn?" ló bi mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2012 ni. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọmọ tó wọ JSS1 lọ́dún tí wọ́n ṣe táyà yẹn ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Àwọn iléeṣẹ́ táyà ńlá sì sọ ọ́ fúnra wọn pé bó bá ti pé ọdún 10, kí á yọ ọ́ dànù, kódà kó má tíì rin ìrìn kan. Fọkanáísà rẹ́rìn-ín. Ó ní táyà òyìnbó kì í gbó, pé ti Ṣáínà tuntun ló máa ń bẹ́. Mo bi í pé ṣé òyìnbó tó jù ú nù ò mọ̀ pé kì í gbó ni. Kò dá mi lóhùn, ó ń fa afẹ́fẹ́ sí i lọ, ó ti ń wọ 45. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo fi bébà tí wọ́n lẹ̀ sára òpó rẹ̀ hàn wọ́n: afẹ́fẹ́ 32 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, táyà á wú láàárín, àtẹ́lẹwọ́ a sì kù sí ìka mẹ́ta. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni tó ń ka ìwé adájọ́.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ó ná owó lórí plọ́ọ̀gì méjì tó lé, ó wá fowó tó kù ra rọ́bà líle láti gbé agbára náà. Ká ní ó ra Corolla 2003 sí 2008, tàbí Yaris, tàbí Civic 2006, tàbí Golf 3 mánúáàlì tí ẹ lè máa fi ọwọ́ ara yín já jíà rẹ̀ lórí òkè, tó wá fi èyí tó ṣẹ́kù ra táyà tuntun mẹ́rin, ṣọ́ọ̀kì tuntun àti bọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ iwájú, ọkọ̀ náà ì bá máa dáhùn bó ti ń pè é. Mánúáàlì dára jù lójú tèmi. Wọ́n ní wàhálà ni nínú gosiló Fájuyì. Òótọ́ ni.

Mi ò sọ pé V6 ò wúlò o. Ẹni tó ń kó ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti àpò èlùbọ́ lọ sí Àbújá lóṣooṣù mọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Àwọn kan náà wà tó jẹ́ pé dídún ẹ́ńjìnnì yẹn lásán ni adùn tiwọn, mi ò sì lè bá etí ẹlẹ́tí jà. Ó tún lè jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré ti mọ́ mi lára jù. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ọmọ tí owó rẹ̀ ò pọ̀ máa rò pé bí kò bá rí V6, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀nà Ìwòròkó dán eré wò, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọdá níbẹ̀. A ò ní pápá eré ọkọ̀ níbí. Òfin ní 50 láàárín ìlú, 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ìrìn tí ọkọ̀ máa rìn lórí bíréèkì kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn pẹ̀lú táyà tó dáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kẹta nínú wọn fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí Corolla 2005 kan ní Àjìlósùn, mo ti gbọ́ tiyín o. Táyà rẹ̀ ń dán gan-an." Mo bi í pé nọ́ńbà mẹ́rin wo ló wà nínú àpótí bí ẹyin yẹn. Ó ní òun máa lọ wò ó. Mo ṣì ń dúró.