Bí séèfù ìbọn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó rà á

Séèfù kì í dá olè dúró títí láé. Àkókò ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí kò ṣeé ṣí bí ẹni tó fẹ́ ṣí i bá ní irinṣẹ́, tí ilé sì dá páropáro. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: ta ni a fẹ́ gbé ìbọn pamọ́ fún?

Ní ilé ọdẹ ní Abẹ́òkúta, tàbí ní àwọn abúlé ọ̀nà Ọdẹ́dá, ìbọn kì í pẹ́ níbi kan. Ó lọ sóko lónìí, ó lọ síbi ìṣípà ọdẹ lọ́la, ọdún Ògún tún ń bọ̀. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ èèkàn tí bàbá ń fi í kọ́. Ọmọ yìí gan-an ni séèfù wà fún kó tó kan olè. Olè lè má wá rárá, ṣùgbọ́n ọmọ wà nílé lójoojúmọ́, ó ń wo ọwọ́ àgbà, ó sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn.

Ìwé àṣẹ ló kọ́kọ́ yẹ kó wà nílẹ̀. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà lójú iṣẹ́ ní Nàìjíríà, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn mìíràn tí a ń ki láti ẹnu wà ní ìsọ̀rí kan. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àti ìbọn ọdẹ olọ́ta wà ní òmíràn. Àwọn méjèèjì nílò ìwé àṣẹ. Ìsọ̀rí kẹta, níbi tí ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun wà, jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú àyàfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Òfin náà kò sì fàyè gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 láti gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú, kó béèrè ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Eléwéẹran kó tó ná kọ́bọ̀ kan sórí séèfù.

Ní ìsọ̀, ilẹ̀kùn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ilẹ̀kùn lè nípọn tó ìka mẹ́ta, kí irin ojú rẹ̀ má sì ju mílímítà méjì lọ, nítorí ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe POP àjà ilé ni wọ́n kì sí inú rẹ̀. Ara séèfù tún sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹ má fi ìkúùkù lù ú, ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo ihò tí wọ́n lu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún bóòtù. Etí ihò yẹn ni irin ti fara hàn níhòòhò. Bí ó bá rí bí etí páànù òrùlé, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yín rà. Àwọn tó ń tà á máa ń pe nọ́ńbà gáújì. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Gáújì 16 kò ju mílímítà 1.5 lọ, 14 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.9, 12 tó nǹkan bíi 2.7, 10 sì tó 3.4. Ẹ̀rọ fáìlì tí gbogbo wẹ́dà ní máa la gáújì 16 já kí omi ẹ̀bà tó hó. Gáújì 12 ni ó yẹ kí ẹni tí agbára rẹ̀ ká a máa wò, fún ara séèfù, kì í ṣe fún ilẹ̀kùn nìkan.

Séèfù tí wọ́n ti dán wò máa ń ní pátákó irin kékeré tàbí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ ti UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò ní Amẹ́ríkà, tí a kọ RSC (àmì séèfù ilé) sí i, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan fi irinṣẹ́ ọwọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kò sì rí i ṣí. TL-15 lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: ìṣẹ́jú 15 ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná, wọn kì í sì í ka àkókò tí irinṣẹ́ kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà ìdánwò Yúróòpù fún irú àpótí ìbọn báyìí ni EN 14450, tó ní ìpele S1 àti S2. EN 1143-1 ló ga jù ú lọ. Ìwé aláràbarà tó kàn ní “ààbò tó péye” kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ọ̀pọ̀ ló ń gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ, kò sì burú. Irin mílímítà mẹ́ta tí wẹ́dà tó mọṣẹ́ jó pọ̀ lè le ju séèfù tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá lọ. Ibi tí ó ti máa ń já ni agádágodo tí wọ́n gbé kọ́ síta, tí ẹnikẹ́ni lè fi fáìlì gé. Ẹ ní kó fi irin bò ó, kó sì jó ọ̀pá irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ híńjì láti inú, èyí tó máa wọ inú férémù bí a bá ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá gé híńjì kúrò, ilẹ̀kùn kò ní yẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe, ìyẹn dídè é mọ́lẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta á gbé séèfù ọgọ́rùn-ún kílò sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n á sì lọ ṣí i níbi tó bá wù wọ́n, láìsí ìkánjú. Gbogbo àkókò tí irin yẹn fẹ́ gbà fún yín ti wọmi. Ilẹ̀ kọnkéré ni kí ẹ lu bóòtù sí, mẹ́rin, kí wọ́n nípọn tó mílímítà 12. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò kì í di bóòtù mú dáadáa, a sì máa tú bí wọ́n bá fà á. Ilé alámọ̀ ti àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ìsàlẹ̀ Olúmọ kò lè gbà á rárá; níbẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ da kọnkéré onírin sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé séèfù lé e. Ayálégbé gbọ́dọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀ ná. Igun yàrá ló dára jù, kí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí sún mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá mú ọ̀pá irin wá má rí ààyè fi gbé e sókè. Àwọn tó ń gbé nítòsí odò Ògùn tàbí ojú àgbàrá, ẹ gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga. Omi oṣù Keje ọdún 2018 wọ ọ̀pọ̀ yàrá ní ìlú yìí.

Ní ti bí a ṣe ń tì í, kọ́kọ́rọ́ kì í bàjẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣeé rí. Èyí tí à ń yí nọ́ńbà rẹ̀ kò fẹ́ bátìrì, ó kàn lọ́ra ni. Èyí tí à ń tẹ̀ yára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó bá ilé iṣẹ́ wá gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ tí ó bá délé, kó má sì jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ. Àwọn kan tí kò wọ́n a máa ṣí bí a bá gbá wọn lórí lójijì. Ẹ dán an wò ní ìsọ̀. Ti ojú ìka ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n pe nǹkan bí 61,000 séèfù Fortress padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìka ẹlòmíràn lè ṣí wọn. Ọmọ ọdún 12 kan ti kú. Ọwọ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ tí ọkọ́ ti họ kì í sì í sábà bá a mu.

Ohun funfun inú ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i: omi wà nínú rẹ̀, tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Iná ló ń sọ omi náà di oòru, òun ló ń mú kí inú tutù fúngbà díẹ̀. Omi yẹn kan náà, àti òjò Abẹ́òkúta láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ló ń mú kí irin dógùn-ún. Ẹ fi àpò kékeré tó ń fa omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi ìbọn sínú àpò aláṣọ kí ẹ tó gbé e wọlé, aṣọ ń di òógùn mú. Fún ṣakabùlà, ó le jù bẹ́ẹ̀. Èérí tí ẹ̀tù fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin láàárín ọjọ́ kan. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, ká gbẹ ẹ́ dáadáa, ká fi òróró pa á. Kí ẹ tó ra séèfù, ẹ fi igi wọn ìbọn láti ẹnu dé ìdí: ọ̀pọ̀ séèfù ìbọn kò ga ju mítà 1.5 lọ, àwọn ṣakabùlà kan sì gùn jù bẹ́ẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n ti ki kò gbọ́dọ̀ wọ séèfù. Ẹ yìn ín dànù nínú igbó kí ẹ tó darí sílé.

Ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá. Bí iná bá mú ilé, irin tí a ti pa dé yóò fún un pọ̀ títí yóò fi bú bí bọ́ǹbù, àwọn panápaná á sì wà nítòsí. Ìlànà ààbò iná ní Amẹ́ríkà ní kí ẹ̀tù dúdú tó bá wà nílé máa wà nínú àpótí onígi tí ara rẹ̀ nípọn tó íǹṣì kan, nítorí igi ń lé ooru, kì í sì í fún un pọ̀. Agádágodo ni kó wà lára rẹ̀, kó jìnnà sí ibi ìdáná àti jẹnẹrétọ̀. Ọta ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà, ẹ tì í síbòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má bá ti ìbọn so pọ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn àti ti ìwé àṣẹ sílẹ̀, kí ẹ ya ẹ̀dà ìwé náà, kí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán níta ilé. Bí ìbọn bá sọnù, ohun tí ọlọ́pàá á kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.