Ṣé Dandan Ni Kí Alájọṣepọ̀ Bá Ni Ju Bọ́ǹbù Nítorí Ààbò Ọkọ̀ Òkun?

Bí wọ́n bá ti ń yìnbọn lu ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun, tí Amẹ́ríkà sì gbéra láti fi bọ́ǹbù fèsì, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn: wọ́n á ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ààbò ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àti pé ẹni tó bá fà sẹ́yìn ti da májẹ̀mú. Àwọn tó fẹ́ràn ìkọlù náà ń sọ ọ́ láti fi dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ náà ń sọ ọ́, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àdéhùn ti so orílẹ̀-èdè wọn mọ́ ogun tí kò kàn án. Ìhà méjèèjì ló ṣì í, nítorí pé àdéhùn NATO, ẹgbẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí kò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1949 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Washington. Abala karùn-ún rẹ̀ ló lókìkí jù, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: pé ìkọlù sí ọ̀kan nínú wọn, ní Yúróòpù tàbí ní Àríwá Amẹ́ríkà, jẹ́ ìkọlù sí gbogbo wọn. Ìdajì kejì ló sọ ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò ran ẹni tí wọ́n kọlù lọ́wọ́ nípa gbígbé ìgbésẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé ó yẹ, tí lílo ohun ìjà sì lè wà lára rẹ̀. Àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà gan-an ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí wọn kò fẹ́ àdéhùn tí yóò gba agbára kíkéde ogun kúrò lọ́wọ́ ilé aṣòfin wọn. Ẹ̀tọ́ láti rò ó wò tí Amẹ́ríkà fi pamọ́ fún ara rẹ̀ ní 1949 kò wá lè di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí Sípéènì tàbí Ítálì bá lò ó.

Abala kẹfà tún pààlà sí i. Ó ní ibi tí àdéhùn náà kàn ni ilẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Tọ́kì, àti ọmọ ogun, ọkọ̀ omi tàbí ọkọ̀ òfurufú wọn ní Òkun Mẹditaréníà àti ní agbègbè Àríwá Àtìláńtíìkì lókè ìlà Tropic of Cancer, èyí tó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 23.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Bab al-Mandab, ẹnu ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ ń gbà wọ Òkun Pupa láti gúúsù, nítòsí ibi tí àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yẹ́mẹ̀n, ti kọlu ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 12.5 lọ, kò sì sí nínú òkun kankan tí abala náà dárúkọ. Ìdí kan náà ni abala karùn-ún kò fi kan ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Ajẹntínà jà lórí erékùṣù Falkland, ní gúúsù Àtìláńtíìkì, ní 1982. Láti 1949, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti lo abala yìí, lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001.

Bí a bá tilẹ̀ gbójú fo ààlà yẹn, ìbéèrè mìíràn wà nílẹ̀: ta ló ni ọkọ̀ tí wọ́n kọlù? Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Houthi ti Yẹ́mẹ̀n fi hẹlikópítà balẹ̀ sórí ọkọ̀ Galaxy Leader, wọ́n na ìbọn sí àwọn tó wà níbi ìtukọ̀, wọ́n sì wà á lọ sí etíkun wọn. Àsíá Bàhámà ni ọkọ̀ náà ń ta. Ilé-iṣẹ́ Jàpáànù ló ń lò ó, ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì tan mọ́ oníṣòwò ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn òṣìṣẹ́ 25 tó wà nínú rẹ̀ wá láti Filipíìnì, Ukraine, Bọ̀gáríà, Ròmáníà àti Mẹ́síkò, oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Lábẹ́ òfin òkun, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kàn, Bàhámà kò sì sí nínú NATO. Bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àwọn alájọṣepọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìbò 11 gba ìpinnu 2722 wọlé, nígbà tí Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Àlùjẹ́ríà àti Mòsáńbíìkì kò dìbò. Ìpinnu náà bẹnu àtẹ́ lu ìkọlù àwọn Houthi, ó sì mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ tí orílẹ̀-èdè ní láti gbèjà ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ju bọ́ǹbù sórí ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n. Lóru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù náà, wọ́n ní àwọn ń gbèjà ara àwọn. Ọsirélíà, Kánádà, Nẹ́dálándì àti Báháréènì ṣe ìrànwọ́. Faransé, Ítálì àti Sípéènì kò bá wọn lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá iṣẹ́ Aspides sílẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí “àwọn asà” lédè Gíríìkì: kí ọkọ̀ ogun wọn máa sin ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n máa já mísáìlì àti dúróònù tó bá ń bọ̀ lulẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kọlu ohunkóhun lórí ilẹ̀. Jámánì ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé aṣòfin rẹ̀ kó tó dara pọ̀, nítorí bí ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ní ti òfin ìpìlẹ̀ ṣe là á sílẹ̀ ní 1994 nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yọ orílẹ̀-èdè kankan kúrò nínú NATO nítorí èyí.

Èyí kì í ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí Ìráànì àti Ìráàkì ń jagun, Kùwéètì ní kí Amẹ́ríkà gba àwọn ọkọ̀ aképo òun sábẹ́ àsíá rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1987, Bridgeton, ọ̀kan lára wọn, kọlu bọ́ǹbù abẹ́ omi. Ara rẹ̀ nípọn, kò rì. Àwọn ọkọ̀ ogun tó wá dáàbò bò ó wá tò sẹ́yìn rẹ̀, kí ọkọ̀ aképo náà lè máa la ọ̀nà fún wọn, torí pé ara tiwọn kò lè gba irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ́kọ́ kọ̀ láti wá bá wọn kó bọ́ǹbù kúrò lójú omi; nígbà tó yá wọ́n wá, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì náà wá, olúkúlùkù lábẹ́ àṣẹ ìjọba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1988, nígbà tí Amẹ́ríkà kọlu àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti ọkọ̀ ogun Ìráànì lẹ́yìn tí bọ́ǹbù omi dá ihò sí ọkọ̀ ogun Samuel B. Roberts lára, òun nìkan ló lọ.

Mo gbà pé àwọn tó fẹ́ ìkọlù ní àwíjàre, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi mísáìlì tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là já dúróònù tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lójoojúmọ́ yóò rẹ̀ nígbà kan, kò sì dára kí gbogbo ayé máa jẹ àǹfààní ọ̀nà omi tí orílẹ̀-èdè méjì péré ń tún ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò ni bóyá bọ́ǹbù náà yóò mú kí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà. Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Yẹ́mẹ̀n láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2025, kí Oman tó bá wọn làjà. Nínú oṣù keje ọdún náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn Houthi tún rì ọkọ̀ méjì, Magic Seas àti Eternity C. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń bá a lọ láti gba Cape of Good Hope yípo gúúsù Áfíríkà, èyí tó ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìrìn àjò láàárín Éṣíà àti Yúróòpù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ìkọlù Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lọ bí oṣù méjì, mísáìlì ba ọkọ̀ True Confidence, tó ń ta àsíá Bàbádọ̀ọ̀sì, nínú omi Aden. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló kú: ọmọ Filipíìnì méjì àti ọmọ Vietnam kan. Ọkọ̀ ogun Íńdíà, orílẹ̀-èdè tí kò bá ẹnikẹ́ni ju bọ́ǹbù, ló kó àwọn tó yè kúrò lójú omi.