"Kò sí nínú ìdílé wa" ò ní kí jẹjẹrẹ má mú èèyàn

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tí wọ́n bá ti ní jẹjẹrẹ mú ẹnìkan, "ṣé ó wà nínú ìdílé wọn ni?", tí kò bá sì sí, ó di pé ayé ló ṣe é. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá ò ju bíi 5 sí 10 nínú 100 lọ, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Àwọn tó ń bí mi nínú gan-an ni àwọn tó ti kàwé, tí wọ́n á ní àwọn ti ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì, kò sí àṣìṣe, ó ti tán. Ó ti tán kẹ̀! DNA ni okùn tí jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, wà lára ẹ̀ bíi lẹ́tà. Ti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí wọ́n bá nà án, á tó mítà 2, inú nucleus, yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì tójú ò lè rí, ló sì há sí. Bí òwú ahunṣọ ló ṣe wé mọ́ àwọn prótéènì kan tí wọ́n ń pè ní histone, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ́ chromatin. Ibi tó bá wé le, sẹ́ẹ̀lì ò lè ka jíìnì ibẹ̀, ibi tó bá tú ló ń kà. Ẹ wo MLH1, jíìnì tó ń tún àṣìṣe DNA ṣe, lẹ́tà ẹ̀ lè pé pérépéré kí methyl, èròjà kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, kàn dí i pa, ó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Tẹ́ẹ̀sì tó ń ka lẹ́tà nìkan, báwo ló ṣe fẹ́ rí ìyẹn? Láti 1983 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Feinberg àti Vogelstein, ti kọ ọ́ pé methyl inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti yí padà. Àwọn tó ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran ara pàápàá ń rí i pé nǹkan ti yí, nucleus sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á tóbi, á dúdú, á rí gbágungbàgun.

Àmọ́ mi ò ní bí DNA ṣe wé nìkan ló ń fa jẹjẹrẹ o. Nígbà míì, jíìnì tó ń ṣètò bí DNA ṣe ń wé yẹn gan-an ni lẹ́tà ẹ̀ bàjẹ́, bíi jíìnì SMARCB1 nínú rhabdoid, jẹjẹrẹ kan tó ń mú àwọn ọmọdé, èwo ló wá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ó jọ pé wọ́n jọ ń ti ara wọn ni.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àgbo "atún-DNA-tò". Oògùn tó ń mú methyl kúrò wà lóòótọ́, azacitidine, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2004 fún àìsàn mùdùnmúdùn eegun kan, abẹ́rẹ́ ni, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni wò torí ó lè dín in kù. Alágbo yín, ta ló ń bá a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?