Wáyà tó bàjẹ́ tí kò jẹ́wọ́

Bí ohùn kíbọ́ọ̀dù bá dákẹ́ lójijì láàárín orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ákúrẹ́, kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni gbogbo ojú ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà sípíkà. Wáyà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń rántí gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀daràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ti kíbọ́ọ̀dù ṣì sàn, torí wáyà kan tàbí méjì náà ni. Ẹni tó ń lo modular synthesizer, ẹ̀rọ iná tó ń dá ohùn orin, lè ní wáyà 40 níwájú rẹ̀, kí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì máa purọ́. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré kan tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ló ń mú un jẹ́wọ́.

Modular synthesizer kì í ṣe odindi ẹ̀rọ kan bíi kíbọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ onídùndún ló jọ: ìyáàlù ní iṣẹ́ tirẹ̀, gúdúgúdú ní tirẹ̀. Ẹ̀yà kan, tí wọ́n ń pè ní module, ń mú ohùn jáde, èkejì ń rẹ́ ohùn náà kó má baà le jù, ẹ̀kẹta ń pàṣẹ ìgbà tí yóò ké àti ìgbà tí yóò panu mọ́. Wáyà kúkúrú kúkúrú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà tí Robert Moog ti ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1964. Jáàkì ńlá 6.35mm, irú èyí tó ń wọ ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù àti gìtá, ni ti Moog. Eurorack, irú modular kékeré tí Dieter Doepfer dá sílẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ń lo 3.5mm, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti íapíìsì fóònù.

Ìbáà jẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ kékeré, irin méjì ló wà lára jáàkì náà, òrùka dúdú tín-ín-rín ló sì là wọ́n láàárín. Ká pe irin iwájú ní ṣóńṣó, ká pe ti ẹ̀yìn ní ara. Ṣóńṣó ni ohùn ń bá lọ. Ara ni iná ń gbà padà, torí iná kì í lọ láìbọ̀. Nínú wáyà, okùn bàbà àárín ló so ṣóńṣó mọ́ ṣóńṣó, àwọ̀n bàbà tó yí i ká ló so ara mọ́ ara. Ọ̀kan lè já, méjèèjì lè kan ara wọn, ẹni tó fi léèdì jó o mọ́ jáàkì sì lè ti fi ti ọ̀tún sí òsì.

Èyí tó já níbi ṣóńṣó kò ṣòro mọ̀: ohùn kò jáde. Èyí tó já níbi ara ni ẹlẹ́tàn. Gbogbo module tó wà nínú àpótí kan ló ń pín ọ̀nà àbọ̀ iná kan náà lò, nítorí náà bí ti wáyà bá já, iná á gba ibòmíràn padà. Ọlọ́kadà tó gbé èrò láti Ọjà Ọba lọ sí FUTA náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ọ̀nà Ọba Adésidà bá dí nígbà tó ń bọ̀, á wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà, ẹni tó ń dúró dè é kò sì ní mọ̀ pé ọ̀nà kankan dí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi wáyà náà so àpótí mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó dá dúró ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò wáyà ló ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oníná kan ṣoṣo kò tó. Bí gílóòbù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, tí iná ń gba ṣóńṣó lọ tó sì ń gba ara bọ̀, á tàn fún wáyà tó dáa, á sì tún tàn fún èyí tí irin méjèèjì rẹ̀ kan ara wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n bi ṣóńṣó àti ara léèrè.

Ohun tó ń wọ inú èyí tó péye kò pọ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì jáàkì méjì, bátìrì onígun 9V irú èyí tó wà nínú mítà àwọn oníṣẹ́ iná, súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, iná LED aláwọ̀ ewé kan àti pupa kan, àti resistor 1k (1,000 ohm) méjì, èròjà tó ń dín iná kù, èyí tí ilà ara rẹ̀ jẹ́ búráùn, dúdú, pupa. Wáyà pọ́sítíìfù bátìrì ń lọ sí ẹsẹ̀ àárín súwíìṣì. Ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń lọ sí ṣóńṣó sọ́kẹ́ẹ̀tì kìíní, èkejì sí ara rẹ̀. Ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, ṣóńṣó ń gba resistor kan lọ sí LED aláwọ̀ ewé, ara ń gba resistor kejì lọ sí pupa, àwọn iná méjèèjì sì ń parí sí nẹ́gátíìfù bátìrì. Ẹsẹ̀ gígùn LED ló ń kọjú sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. LED pupa ń mú nǹkan bí 2V nínú 9V. 7V tó kù á gba inú 1,000 ohm kọjá, ìyẹn 7mA, tó tó láti tàn tí kò sì ní jó o.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná lè rò pé resistor kan tó fún méjèèjì. Kò tó. Agbára tí pupa ń fẹ́ sábà máa ń kéré sí ti aláwọ̀ ewé, á sì gba gbogbo iná mọ́ra, tí wáyà tó kan ara wọn á fi dà bí èyí tí wọ́n jó sódì. Kò sì nílò súwíìṣì ìpaná: láìsí wáyà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná kò ní ọ̀nà, bátìrì ń sinmi.

Kí wọ́n ki orí wáyà kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kìíní, kí wọ́n ki orí kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì. Bí súwíìṣì bá wà ní ṣóńṣó, aláwọ̀ ewé nìkan ló yẹ kó tàn. Bí ohunkóhun kò bá tàn, ó ti já. Bí méjèèjì bá tàn, wọ́n kan ara wọn. Bó bá jẹ́ pupa nìkan, kí wọ́n yí súwíìṣì sí ara kí wọ́n tó dájọ́: bó bá yí sí aláwọ̀ ewé, wọ́n jó o sódì ni, bí pupa kò bá yẹsẹ̀, ṣóńṣó ti já, ó sì tún kan ara nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì kìíní. Àìsàn méjì lára wáyà kan. Bí súwíìṣì bá wà ní ara, pupa nìkan ni ìdáhùn rere.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni àpótí tí wọ́n tò ó sí. Páànù dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá wà lára irin kan, àpótí fúnra rẹ̀ ló so ara wọn pọ̀, pupa á sì máa tàn fún wáyà tó ti kú. Abọ́ ike ló dára.

Iná tó tàn náà kò tíì parí ẹjọ́. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó kù lè gbé 7mA. Kí wọ́n máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́rùn jáàkì, níbi tó ti sábà máa ń já, kí ojú má kúrò lára LED. Èyí tó bá ṣẹ́jú ti jẹ́wọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 3.5mm wà lára rédíò tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ó máa ń ní ẹsẹ̀ tó ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ bí íapíìsì bá ti wọlé. Ẹni tó bá jó wáyà mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, àpótí rẹ̀ á máa pe gbogbo wáyà ní òkú. Wáyà máìkì, tó ní irin mẹ́ta, LED kan sí i àti súwíìṣì tó ń yí sí ibi mẹ́ta ló fẹ́.

Bí wọ́n bá ti rí ibi tó já, gígé ni kí wọ́n gé e ní nǹkan bí 2cm sí jáàkì, kí wọ́n tún un jó. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà dì pa kò ṣeé tú, orí tuntun ló fẹ́. Kí ìdérí jáàkì ti wà lọ́rùn wáyà kí léèdì tó gbóná. Ẹni tó bá gbàgbé á tún un tú.