Ọdún Wo Ni Yàrá Yìí Wà? Bí A Ṣe Ń Ṣe Inú Ilé Ọmọláńgidi Àtijọ́ Lọ́ṣọ̀ọ́

Kí wọ́n tó gbé àga kan ṣoṣo wọnú ilé ọmọláńgidi, ìyẹn ilé kékeré tí wọ́n ń to ẹrù kéékèèké sí bíi ilé gidi, tí wọ́n fẹ́ kó jọ ti àtijọ́, ìbéèrè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn: ọdún wo ni yàrá yìí wà? "Ayé àtijọ́" nìkan kì í ṣe ìdáhùn, torí àtijọ́ ju àtijọ́ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìgbà àwọn ọba tó ń jẹ́ George, láti 1714 sí 1830, yàtọ̀ pátápátá sí ilé ìgbà Ọbabìnrin Victoria, láti 1837 sí 1901. Kódà láàárín ìgbà Victoria fúnra rẹ̀, pálọ̀ ọdún 1840 àti pálọ̀ ọdún 1895 kò jọra: iná tí wọ́n ń tàn yàtọ̀, aró tí wọ́n fi pa aṣọ fèrèsé yàtọ̀, ẹrù inú wọn kò sì pọ̀ bákan náà.

Tí ọdún bá ti dájú, òfin kan ló ń darí gbogbo ohun tó kù. Ohun tó dàgbà ju ọdún yàrá náà lọ lè wọlé. Èyí tí wọn ò tíì dá sáyé nígbà náà ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Bí ilé gidi ṣe rí náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń kó gbogbo àga ilé rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan torí pé ọdún yí. Àga ọdún 1780 tí wọ́n jogún lè wà nínú pálọ̀ 1890, ó tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí pálọ̀ náà dà bíi pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ gílóòbù iná nínú yàrá 1790, irọ́ ni, bó ti wù kó rẹwà tó. Fọ́tò onífèrémù lórí tábìlì ọdún 1820, irọ́ ni pẹ̀lú, nítorí 1839 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde iṣẹ́ fọ́tò fáráyé. Àwọ̀ pàápàá ní ọjọ́ orí. Lọ́dún 1856, William Henry Perkin, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bí yóò ṣe ṣe kuiníìnì, oògùn ibà, ló bá ṣèèṣì rí aró elése àlùkò látara ọ̀dà èédú. Ṣáájú ìgbà yẹn, ewé, gbòǹgbò, èèpo igi àti kòkòrò ni wọ́n sábà máa ń fi pa aṣọ láró. Nítorí náà, elése àlùkò tó ń tàn yanran lórí bẹ́ẹ̀dì ọdún 1780 á pariwo létí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọdún ló kan ìwọ̀n. Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni 1:12, ìyẹn ni pé ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìṣirò rẹ̀ ò ṣòro rárá. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 á di ínṣì 7. Àga tí ìjókòó rẹ̀ ga ní ínṣì 18 á di ínṣì kan ààbọ̀. Tábìlì oúnjẹ tó ga ní ínṣì 30 á di ínṣì méjì ààbọ̀. Ìwọ̀n 1:24 àti 1:48 náà wà fún ẹni tí kò ní àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú yàrá kan. Àga 1:16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì 1:12 á dà bí àga ọmọdé tí wọ́n ní kí àgbàlagbà jókòó lé. Ìwọ̀n 1:12 yìí náà ni Edwin Lutyens, tó ya àwòrán ilé ọmọláńgidi Queen Mary, ìyàwó Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ láàárín 1921 sí 1924. Ààfin Windsor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé náà wà. Omi ń jáde nínú ẹ̀rọ omi rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, wáìnì gidi ló wà nínú àwọn ìgò rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ ìwé kéékèèké sí yàrá ìkàwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa owó tí irú rẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dúró ni pé ohun kan níbẹ̀ kì í tú àṣírí èkejì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù rèé: wọ́n lè dín àga kù ní ìlọ́po 12, àmọ́ fọ́nrán òwú ò ṣeé dín kù, bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra náà ò sì ṣeé dín kù. Aṣọ tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọláńgidi, mìlímítà 6 ni, bíi pákó tí wọ́n là fẹ́lẹ́. Aṣọ fèrèsé gidi wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló ń fà á sílẹ̀ gbọọrọ. Kékeré rẹ̀ ò ní ìwúwo kankan, ṣe ni yóò wú síta bí yẹ̀rì. Àrán, tí gbogbo ojú gbà pé aṣọ ọlọ́lá ni, ló máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù: irun orí rẹ̀ á dà bíi koríko tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Sílíìkì tó fẹ́lẹ́ àti aṣọ òwú tó rọ̀ gan-an ló dára. Tí aṣọ náà bá ní àwòrán, òdòdó tó tóbi tó èékánná ìka tó kéré jù lọ ti tóbi jù fún ọ̀pọ̀ yàrá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú kí aṣọ fèrèsé wálẹ̀. Wọn kì í rán etí rẹ̀, torí ojú abẹ́rẹ́ kan tó gùn ní mìlímítà 3 á dà bí ìrán àpò ìrẹsì lójú ọmọláńgidi. Orí igi ìtayín ni wọ́n ti ń mú gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, wọ́n á fà á gba etí aṣọ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ pọ̀, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọ̀rá bo fóòmù tó le díẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á wá máa fi píìnì ká a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: píìnì lókè, píìnì láàárín, píìnì nísàlẹ̀, kí ibi tí aṣọ ká sí lókè sún mọ́ra ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Omi sítáàṣì tàbí sípíréè irun ni wọ́n á fín sí i títí tí yóò fi tutù, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n bá yọ píìnì, aṣọ á dúró bí wọ́n ṣe ká a. Ohun kan ló kù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀: kí wọ́n fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á láti wo ìta. Méjì tó bára dọ́gba régérégé kì í sí nínú ilé tí èèyàn ń gbé.

Aṣọ fèrèsé yìí kì í tètè wọlé o. Wáyà ló ń ṣáájú. Iná ilé ọmọláńgidi sábà máa ń jẹ́ fóòlù 12, tí tiransifọ́mà ń dín kù láti ara iná ilé. Wọ́n lè lo wáyà tín-ín-rín, tàbí téépù bàbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí pépà ara ògiri tó bò ó. Kí wọ́n tàn gbogbo rẹ̀ wò kí wọ́n tó bò ó! Wáyà tó bá kú lẹ́yìn pépà, pépà ni wọ́n máa ya. Lẹ́yìn wáyà ni wọ́n ń kun àjà, kí ọ̀dà tó bá kán má bàa ba ohun kankan jẹ́. Lẹ́yìn àjà ni ògiri, lẹ́yìn ògiri ni ilẹ̀. Àwọn igi tó ń yí ẹsẹ̀ ògiri àti òkè ògiri po ló ń kẹ́yìn, àwọn ló sì ń bo gbogbo ibi tí ọ̀bẹ kò ti lọ tààrà.

Pépà ara ògiri fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó ń darí ẹni tó ń lò ó. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí pépà aláwòrán ní 1712, 1836 ni wọ́n tó fagi lé e. Torí náà, àwọn kan á lẹ pépà tí kò ní àwòrán mọ́ ògiri, wọ́n á wá gé àwòrán sára páálí kí wọ́n máa fi ọ̀dà tẹ̀ ẹ́ sára ògiri náà. Yàrá oníṣòwò kékeré ti ọdún 1780 tí ògiri rẹ̀ kún fún òdòdó aláràbarà láti òkè délẹ̀ kò jọ òótọ́. Ọ̀dà kan ṣoṣo, tàbí ìlà àwòrán tíntìntín yí òkè ògiri ká, sàn jù. Tí ó bá di ìdajì kejì ìgbà Victoria, ẹ̀rọ ti ń tẹ pépà lọ́pọ̀ yanturu, owó orí ti lọ, àwòrán lè wá gba gbogbo ògiri.

Ilẹ̀ pákó rọrùn, àṣìṣe kan péré ló ń bà á jẹ́. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí ṣeé gé sí pákó ilẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pa á láwọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn, àwọ̀ kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Á kù bí ojú àpá funfun, kò sì sí ohun tó ń yọ ọ́. Tí ó bá ti lẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi sáńdípépà tó kúnná nù ún, ní pàtàkì lẹ́nu ilẹ̀kùn àti níwájú ojú ìyáná, níbi tí ẹsẹ̀ ti máa ń tẹ̀ jù. Fánìṣì tó ń dán gbinrin kò dára fún un. Dídán náà kì í dín kù pẹ̀lú ìwọ̀n, ó máa ń sọ igi di ike.

Lórí ọ̀rọ̀ títo ẹrù, ibẹ̀ ni òye sànmánì ti ń hàn ju ibikíbi lọ. Nínú pálọ̀ ìgbà àwọn George, ara ògiri ni wọ́n ń to àga sí tí wọn ò bá lò ó. Ìránṣẹ́ ló ń gbé e jáde tí àlejò bá dé, òun náà ló ń dá a padà. Àárín ilẹ̀ á ṣófo, ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé á sì rí ibi gbà. Ẹni tó bá kó àga yí tábìlì ká sí àárín pálọ̀ ọdún 1760 ti gbé àṣà ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn wá sẹ́yìn. Ní ìgbà Victoria, yàrá á kún: aṣọ lórí tábìlì títí délẹ̀, dùùrù, ewéko nínú ìkòkò, fọ́tò, aago, àti àwọn ohun kéékèèké lórí pẹpẹ ojú ìyáná. Nílé ìdáná, ààrò onírin ńlá ló gba ipò iná gbalasa. Lókè pátápátá, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ ń sùn, àga tí wọ́n ti lò gbó nísàlẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Oríire nìyí fún ẹni tó ní àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ bó: ó ti rí yàrá tó bá a mu.

Kí nǹkan má bàa ṣubú, ìda rírọ̀ bíi ìrẹsì ẹyọ kan lábẹ́ ife tàbí aago ti tó. Ó ṣeé yọ nígbàkúùgbà. Gọ́ọ̀mù tó ń mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ máa ń fi èéfín funfun sílẹ̀ lára dígí àti fánìṣì, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣeé tún tò mọ́.

Gbogbo èyí wà fún ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti fi jọ ti àtijọ́. Tí ilé náà fúnra rẹ̀ bá dàgbà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé ọmọláńgidi Petronella Oortman, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Amsterdam, tó wà ní Rijksmuseum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, láàárín nǹkan bí 1686 sí 1710 ni wọ́n ṣe é. Obìnrin náà ní kí wọ́n bá òun ṣe àwo tánganran láti ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì gba àwọn oníṣẹ́ igi àti ayàwòrán láti ṣe inú rẹ̀. Iye tí ó ná an tó iye ilé gidi kan létí omi ìlú náà. Ìṣeré ọmọdé kọ́ nìyẹn nígbà náà. Kódà ilé tí kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ní 1870, pépà tó ti pọ́n lára ògiri rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe bó o. Tí kò bá dùn ún wò, kí wọ́n gé páálí tó fẹ́lẹ́ sí ìwọ̀n ògiri náà, kí wọ́n lẹ pépà tuntun mọ́ páálí, kí wọ́n sì gbé e dúró níwájú ti àtijọ́ láìlo gọ́ọ̀mù. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé ni. Wọn kì í fi sáńdípépà ha á, wọn kì í sì fún ọmọ kékeré pé kó máa fi ṣeré. Ife tó tóbi ju ìkòkò lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tó fi ṣeré ló kó wọn pọ̀.

Tí yàrá tuntun bá ti parí, fóònù ni adájọ́ tó dára jù. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọnú yàrá, kó ga ní ínṣì 5 sí ilẹ̀, níbi tí ojú ọmọláńgidi wà, kí wọ́n pa iná ìta, kí wọ́n yà á. Nínú fọ́tò, kò sí ọwọ́ èèyàn tàbí etí tábìlì tí ojú máa fi díwọ̀n. Yàrá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ gba ojú nínú àwòrán náà, yálà rọ́ọ̀gì tó nípọn jù ni o, tàbí gílóòbù tó ń mọ́lẹ̀ ju àbẹ́là lọ, òun ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n tún ya fọ́tò mìíràn.